Ìtẹ̀ka Olóògbé Lórí Búùtù Ọkọ̀ Pupa

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọkọ̀ lásán ni, kó tètè sọ ọ́ báyìí, kó sì ṣí ojú ìwé mìíràn. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì sin ọmọ, kò sì tíì ṣe ohun tí Orlinda ṣe, kó wá dúró níwájú ìyá ọmọ náà kó máa wo ilẹ̀.

Orlinda ti lé lógójì ọdún nígbà tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ dídán lọ́dọ̀ Fidencio. Ọkọ rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń dáná fún àwọn ọmọ ti ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ní Española, ìlú wọn, àwọn ọkùnrin lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́: bí wọ́n ṣe rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, bí wọ́n ṣe kùn ún, ta ló kùn ún, ta ló ba ti ta jẹ́. Obìnrin tó bá dá sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á ní kó lọ gbé kọfí wá. Orlinda gbé kọfí. Ó fọ ọkọ̀. Wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

“Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ yín bó o,” wọ́n á ní, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Ẹni tó bá sọ fún yín pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dun òun, irọ́ ló ń pa.

Fidencio kì í pè é bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Àgbà ọkùnrin tí orúnkún rẹ̀ kò dára mọ́ ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Omi àti ọṣẹ ló kọ́kọ́ fi lé Orlinda lọ́wọ́: korobá kan fún ọṣẹ, òmíràn fún omi tó máa fi ṣan aṣọ, kí yanrìn má bàa padà sára ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá tín-ín-rín kí wọ́n fi pa ara ọkọ̀, torí ọwọ́ tó wà nínú ọ̀rá máa ń mọ ohun tí ojú kò rí. Lẹ́yìn náà ló kan amọ̀ tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí jáde lára ọ̀dà.

Ti ẹ̀rọ ìdán, tí fóòmù orí rẹ̀ ń yí bí òòyì, ìyẹn kò tètè kàn. Fidencio gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó kan ka orí igi sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó máa fi kọ́ ọwọ́ níbẹ̀. Orlinda jó ọ̀dà ara bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn débi pé irin yọjú. Ó tún un kùn, ó tún un jó.

“Wò ó,” Fidencio ní, “ọ̀dà kò nípọn. Ìwọ̀nba ló wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó o bá gbé ẹ̀rọ lé e, o ń bù nínú rẹ̀ ni. Bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.”

Orlinda ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú nínú ọ̀rọ̀ yìí: kì í ṣe pé wọn kò sọ fún un.

Ọkọ̀ kan wà tó máa ń dé ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nínú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Impala ọdún 1964 ni, pupa bí ọtí wáìnì tí wọ́n gbé sójú oòrùn, tí góòlù ń tàn lábẹ́ pupa náà. Eufemia ló ni ín, ìyá arúgbó kan tó ń gbé lápá kejì odò. Rosendo ọmọ rẹ̀ ló kùn ún.

Lọ́dọ̀ Fidencio yìí kan náà ni Rosendo ti kọ́ṣẹ́. Ó fi ọ̀pọ̀ oṣù kun ọkọ̀ náà, ó ń kùn ún ní ìpele ìpele, títí tó fi dórí ọ̀dà tó mọ́ gaara bí omi tí wọ́n fi ń bo gbogbo rẹ̀. Kò ní sùúrù kó gbẹ. Ó fi àtàǹpàkò kan ẹ̀gbẹ́ búùtù láti wò ó bóyá ó ti le, kò sì tíì le. Ìka wọlé. Fidencio bú u, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí wàhálà, bó bá gbẹ tán àwọn á lọ ọ́ kó tẹ́jú. Nǹkan kékeré ni lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́.

Kó tó gbẹ tán, Rosendo kú lójú ọ̀nà òkè. Inú ọkọ̀ ẹlòmíràn ló wà.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lọ ìtẹ̀ka yẹn. Ó wà níbẹ̀, jinlẹ̀ díẹ̀, ó gbòòrò, gbogbo ìlà ara ìka hàn nínú rẹ̀. Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, Eufemia á wá gba ọkọ̀. Kó tó gba kọ́kọ́rọ́, á lọ sídìí búùtù, á fi àtàǹpàkò tirẹ̀ sínú ti ọmọ rẹ̀, á dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó bọ ènìyàn lọ́wọ́. Á ṣe àmì àgbélébùú. Á wá gbé tìmùtìmù sórí àga kó lè rí iwájú, á sì wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, á tò sáàárín àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ tó kù lójú títì Riverside, wọ́n á máa rìn jẹ́jẹ́, gbogbo ìlú á máa juwọ́ sí i.

“Búùtù yẹn, aṣọ àti ìda, ọwọ́ nìkan,” Fidencio sọ fún Orlinda. “Èmi náà ò gbé ẹ̀rọ débẹ̀ rí.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá.”

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Fidencio ní kí Orlinda fi ẹ̀rọ dán àwọn ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Eufemia. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa gbé ẹ̀rọ sára ọkọ̀ tó lórúkọ. Ó lẹ tépù mọ́ gbogbo etí àti ibi tó bá ṣẹ́, torí orí irú ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án léraléra bóyá ó ti ń gbóná. Kò kánjú. Nígbà tó parí, Fidencio gbé iná sún mọ́ ọn, ó wò ó títí, ó mí, ó ní, “Ó dára.”

Ó dára. Ẹni tó bá mọ Fidencio á mọ̀ pé ìyẹn ju ìwúre lọ. Orlinda lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún díẹ̀, ó nu imú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Torí pé ilẹ̀kùn dán bíi dígí, búùtù wá rí bíi pé èéfín bò ó. Ìda ọdún lé ọdún ti gbá jọ síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rí i. Iṣẹ́ Orlinda ló tú u fó.

Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, Fidencio fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà ní Chimayó bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, pẹ̀lú orúnkún yẹn, kó lọ bu erùpẹ̀ mímọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ àbúrò òun lóun máa sùn, Sátidé lòun máa padà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé Orlinda lọ́wọ́. Kò tún ọ̀rọ̀ búùtù sọ. Kí ló tún fẹ́ sọ?

Kò pẹ́ tó lọ tí Leandro dé.

Leandro ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní ìlú ńlá Albuquerque, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ọkọ̀ fún ìdíje. Ó ti gbọ́ pé obìnrin kan wà lọ́dọ̀ Fidencio tí ọwọ́ rẹ̀ ń balẹ̀. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó bá a mu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì pe Orlinda ní orúkọ rẹ̀. Kò sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ń wá ẹni tó máa jẹ́ olórí àwọn tó ń dán ọkọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó ní kó fi ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe han òun.

Orlinda mú un lọ sídìí ọkọ̀ pupa.

Leandro rìn yí ọkọ̀ náà ká. Ó fi ìmọ́lẹ̀ fóònù yẹ ilẹ̀kùn wò, ó mi orí, ó ní iṣẹ́ àgbà nìyí. Orlinda ní ara òun gbóná bí ẹni tó mu ọtí. Leandro wá dé ìdí búùtù. Ó dúró. Ó tẹ̀ ba.

“Kí ni tibí?”

Orlinda ń fi aṣọ nu ọwọ́.

“Ẹni tó fi irú èyí sílẹ̀ sára ọkọ̀ báyìí kò mọṣẹ́,” Leandro ní. “Ta ló fi í sílẹ̀?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ dúró síbí. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ibí ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ: ọwọ́ Rosendo ni. Kò ní ná an ní nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kí Leandro pàápàá bọ́ fìlà.

Orlinda ní, “Mi ò tíì débẹ̀ ni.”

“Ó dáa,” Leandro ní. “Mo ń padà bọ̀ ní Sátidé. Màá ya fọ́tò rẹ̀ kí n fi han àwọn èèyàn mi. Ṣe é kó dán.”

Ó lọ. Orlinda jókòó sórí korobá, ó jẹ búrẹ́dì tortilla àti ẹ̀wà tó gbé wá látilé, kò mọ adùn rẹ̀. Ó ń wo búùtù. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ kan ìtẹ̀ka yẹn. Àyíká rẹ̀ nìkan lòun máa dán. Bí àyíká rẹ̀ bá mọ́, ìtẹ̀ka náà á tún hàn dáadáa sí i, inú Eufemia á sì dùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ó gé tépù kékeré, ó fi bo ìtẹ̀ka náà bí ẹni fi báńdéèjì bo egbò. Ó gbé ẹ̀rọ.

Nígbà tó ṣí tépù, búùtù ń dán, ṣùgbọ́n òrùka dúdú kan yí ìtẹ̀ka náà ká, níbi tí tépù lẹ̀ mọ́. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dà bí ojú àpá.

Ó gé tépù mìíràn tó kéré sí ti àkọ́kọ́. Ó dán an. Òrùka náà kéré sí i, kò tán. Ó tún gé èyí tó kéré sí i. Báyìí tépù náà kò ju ìka lọ, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣí lábẹ́ fóòmù.

Ó wá yọ ọ́. Ó mú fóòmù tó rọ̀ jù, ó ní fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí òrùka yẹn sáà lọ.

Kò sẹ́ni tó tì í. Ẹ̀rọ náà kò já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ó rí i pé ó ti ń fẹ́lẹ́, ó rò pé ó tó àkókò kí òun dúró, ó tún gbé ọwọ́ kọjá níbẹ̀.

Ó pa ẹ̀rọ, ó nu ibẹ̀. Ó dán. Kò sí búùtù tó dán tó o ní gbogbo àfonífojì yẹn. Orlinda rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó rí irun tó já bọ́ síwájú orí rẹ̀, ó rí igi òrùlé lókè. Ohun tí kò jẹ́ kí n lè gbójú fo ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí: inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ló wá ìtẹ̀ka náà. Kò rí i. Ó gbé iná sápá òsì, ó gbé e sápá ọ̀tún. Ó ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá bí Fidencio ṣe kọ́ ọ, ó pa ibẹ̀ lọ, ó pa á bọ̀. Ó ń yọ̀ bí omi.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó lè pe Fidencio. Fóònù wà lápò rẹ̀. Ó lè gun ọkọ̀ lọ bá a lójú ọ̀nà, ó mọ ọ̀nà tí gbogbo ìlú ń rìn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sílé, ó sùn tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà lójú ọ̀nà Chimayó tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Orlinda padà wá. Agolo ọ̀dà tó mọ́ gaara kan wà lórí pẹpẹ, irú èyí tí wọ́n ń tẹ orí rẹ̀ kó tó tú jáde. Ó lọ bá bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó fi pépà tó dá ihò sí láàárín bo ibì kan, ó fọ́n ọ̀dà síhò náà, ó dúró, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Ó tètè jù, ìka fa ọ̀dà dání. Ó tún un ṣe. Ó pẹ́ jù, ìka kò wọlé. Ó tún un ṣe títí tó fi mọ ìgbà tó yẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin yìí kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ayédèrú ọwọ́ òkú, ó sì fi sùúrù kọ́ ọ. Sùúrù tí kò rí lò ní Ọjọ́bọ̀, ó rí i lò lọ́jọ́ Ẹtì.

Ó wá ṣe é sórí búùtù. Ó rántí pé ọkùnrin ni Rosendo, ọwọ́ rẹ̀ tóbi. Ó yí àtàǹpàkò rẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, ó yí i sósì díẹ̀, kó lè gbòòrò. Nígbà tó ká ọwọ́ kúrò, ìtẹ̀ka kan wà níbẹ̀. Bó o bá dúró lókèèrè, wàá ní òun náà ni.

Fidencio dé ní òwúrọ̀ Sátidé, ó ń tiro. Ó bu erùpẹ̀ Chimayó díẹ̀ sínú ike kékeré fún Orlinda, ó ní kó fi pa ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún. Orlinda gbà á, ó dúpẹ́. Ó ki ike náà bọ àpò.

“Òórùn ọ̀dà ni mò ń gbọ́ yìí?” Fidencio béèrè.

“Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, Bàbá. Mo tún un kùn.”

Òótọ́ ni, kò sì sí òótọ́ níbẹ̀. Fidencio dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọkọ̀ náà láti ọ̀ọ́kán. Ó ní búùtù náà mọ́ lọ́dún yìí. Ó ní ọwọ́ Orlinda ti ń balẹ̀. Ó lọ wá àga tó máa fi sinmi orúnkún.

Nígbà tí Eufemia wọlé, ó ní kí wọ́n má bínú pé òun pẹ́, ata tóun ń sè fún ọdún ló dá òun dúró. Ó gbé tìmùtìmù rẹ̀ sábẹ́ apá. Ó yin ilẹ̀kùn. Ó ní, “Orlinda, ìwọ lo ṣe gbogbo èyí? Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ò ní lè sùn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sídìí búùtù, ó tẹ̀ ba, ó fi àtàǹpàkò síbẹ̀.

Ó yọ ọ́. Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ yẹ̀rì. Ó tún fi í síbẹ̀.

“Ọwọ́ ta nìyí?”

Kò pariwo. Bí ẹni ń béèrè ta ló fi bàtà sẹ́nu ọ̀nà ló ṣe sọ ọ́.

“Ti Rosendo ni, Màmá,” Fidencio ní látorí àga. “Ta ló tún lè jẹ́?”

“Wá wò ó.”

Fidencio dìde, ó tiro wá. Ó tẹ̀ ba. Orlinda ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí orúnkún rẹ̀ ṣe lè gbà á lọ. Orlinda mọ ìgbà tó rí i, torí pé èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó ti rí ọ̀dà tuntun lórí ọ̀dà àtijọ́. Ó ti mọ agolo tó ti wá.

Ó nà ró. Kò wo Orlinda.

“Ọ̀dà máa ń súnkì, Màmá,” ó ní. “Bó bá ti pẹ́ báyìí, oòrùn, òtútù, ó máa ń fún. Nǹkan tó wà nínú rẹ̀ á máa kéré.”

Ẹ gbọ́, ọkùnrin yìí kì í parọ́ lórí ọ̀dà. Ó ti sọ lójú àwọn olówó pé ọkọ̀ wọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó ti lé oníbàárà lọ nítorí pé wọ́n ní kó fi ọ̀dà bo ìpẹtà. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, irọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, nítorí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló sì ṣe pa á. Tàbí nítorí arúgbó tó wà níwájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ nítorí àwọn méjèèjì.

Eufemia wo ojú rẹ̀. Orlinda rí i pé obìnrin náà fẹ́ gbà á gbọ́. Ó fẹ́ ẹ gidigidi.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” Eufemia ní. Ó ṣì tẹ̀ ba. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. “Orlinda, ọmọ mi, fún mi lọ́wọ́ kí n fi dìde.”

Orlinda na ọwọ́ sí i.

Arúgbó náà kò dìde. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tú àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń tú ìka ọmọ ọwọ́ tó di nǹkan mú, ó mú àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi lé ibẹ̀.

Ó wọ ibẹ̀ pẹ́kí.

Fidencio yí ojú sí ògiri.

“Èmi ni mo máa ń gé èékánná rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré,” Eufemia ní. “Ìka rẹ̀ sanra bíi ti bàbá rẹ̀. O rò pé mi ò ní mọ̀?”

“Mo rò pé ẹ ò ní mọ̀, Màmá.”

“Níbo ni tirẹ̀ wà?”

“Ẹ̀rọ ló gbé e lọ. Èmi ni. Mo fẹ́ kó dán ni.”

Eufemia wo búùtù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ó dán,” ó ní. “Ó dán dáadáa.”

Orlinda ní ká ní ó gbá òun létí ni, ì bá sàn.

Eufemia kò gba kọ́kọ́rọ́. Ó gbé tìmùtìmù rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Fidencio ní òun máa fi ọkọ̀ mìíràn gbé e, Eufemia ní kó má ṣèyọnu.

Nígbà tí àwọn méjì kù, Fidencio kò bú Orlinda. Ó ní kó kó àwọn nǹkan rẹ̀. “O mú mi parọ́ fún ìyá Rosendo,” ó ní. “Lójú rẹ̀. Màá máa rí ojú yẹn. Jọ̀ọ́, máa lọ. Ó ti rẹ̀ mí.”

Ìta ṣọ́ọ̀bù ni Leandro bá a, tó jókòó pẹ̀lú korobá rẹ̀ méjèèjì. Orlinda sọ gbogbo rẹ̀ fún un, torí kò ní agbára láti parọ́ mọ́. Leandro fetí sílẹ̀, ó gbọn orí. Ó ní ìyá arúgbó ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ó ní, “Ó ti tẹ́jú àbí kò tíì tẹ́jú? Ohun tó kàn mí nìyẹn. Wá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé.”

Ìgbà yẹn ni Orlinda tó mọ irú ẹni tó ń yìn ín, tí òun fi ìtẹ̀ka ọmọ ọlọ́mọ ra ìyìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó máa lọ.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, àwọn ọkọ̀ tò lójú títì Riverside. Wọ́n fi àyè ọkọ̀ pupa sílẹ̀ láàárín, wọ́n rò pé ó ń bọ̀. Wọ́n rìn títí dé òpin ìlú pẹ̀lú àyè yẹn. Orlinda wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó rí i bó ṣe kọjá.

Ó lo ọdún yẹn níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìtura. Wọ́n ti gbọ́ nílùú, wọn kò pè é ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ mọ́. Wọn kò pè é ní nǹkan kan. Ó ní òun kò mọ̀ pé orúkọ yẹn lè máa wu òun gbọ́.

Nígbà tí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tún dé, Eufemia ló pè é lórí fóònù. Kò kí i. Ó ní ọrùn ọwọ́ ń dun òun, Fidencio náà kò lè tẹ̀ ba mọ́, ọkọ̀ sì wà nínú ọgbà tí eruku ti bò. Ṣé ó ń bọ̀?

Orlinda gbé korobá rẹ̀ méjèèjì lọ. Ó fọ ọkọ̀ náà, ó fi amọ̀ pa á, ó fi aṣọ àti ìda. Kò mú ẹ̀rọ dání. Nígbà tó dé ìdí búùtù, ọwọ́ ara rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń wò ó, kékeré, ó wọ́ díẹ̀ lápá ibi tó ti yí i.

Eufemia gbé àga síta, ó ń bó ẹ̀pà.

“Màmá,” Orlinda ní, “mo lè mú tèmi kúrò. Kò ní gba àkókò. Ẹ ò ní rí i mọ́.”

“Fidencio náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá.”

“Kí ló dé?”

Arúgbó náà fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́. “Bó bá tẹ́jú pátápátá, á dà bíi pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. O ti fi síbẹ̀, kó o máa wá nù ún.”

Ó sì ń wá nù ún. Ìjìyà rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá rò pé ó kéré kó lọ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n tètè rí yín, mi ò ní dí yín lọ́wọ́. Kí ẹ sáà mọ̀ pé ohun tí Orlinda pa rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sí agolo tó lè dá a padà.

Fidencio kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, á mi orí, á kọjá.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé tó bá ṣáájú Àjíǹde, bí Orlinda bá ti ṣe tán, Eufemia á jáde pẹ̀lú tìmùtìmù lábẹ́ apá. Á lọ sídìí búùtù, á tẹ̀ ba, á fi àtàǹpàkò rẹ̀ sínú ìtẹ̀ka yẹn, á dúró díẹ̀.

“Ó ṣì kéré,” á ní.

Á gba kọ́kọ́rọ́, á wọ ọkọ̀, á sì lọ.